Mínísítà Inú Agolo

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹfà oṣù kẹrin

Èmi, Mínísítà fún Ìṣúná àti Ọrọ̀ Ajé, Alága Ìgbìmọ̀ tí yóò gbé orílẹ̀-èdè dìde, ẹni tí mọ́tò mẹ́fà ń tẹ̀ lé lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ni mo bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí lónìí kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ bí a ṣe gba ìlú lọ́wọ́ àrùn àti ebi. Ó di ọjọ́ méjìlá tí gbogbo nǹkan ti wà ní títì. Ọjà wà ní títì, ilé ẹ̀kọ́ wà ní títì, ilé iṣẹ́ wà ní títì. Ẹnu tèmi nìkan ló ṣí sílẹ̀.

Mo jókòó sí ọ́fíìsì mi. Ó fẹ̀ débi pé bí mo bá na ẹsẹ̀, màá gbá ìkòkò. Akọ̀wé Àgbà mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń fi aṣọ àlòkù rán ìbòmú, ó sì ti ní bí mi ò bá dìde lọ pọn omi, òun á fi igi tí òun fi ń wọn aṣọ bá mi sọ̀rọ̀. Ìjọba ò rọrùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ keje

Oòrùn mú gan-an. Owó búrẹ́dì ti di ìlọ́po méjì, búrẹ́dì fúnra rẹ̀ sì ti dín sí ìdajì. Mínísítà yóò ṣèwádìí ọ̀rọ̀ náà tó bá jẹ tiẹ̀ tán.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án

Mínísítà gidi bá ìlú sọ̀rọ̀ lónìí. A kó jọ sẹ́nu ọ̀nà yàrá wa, a jìnnà síra bí Nọ́ọ̀sì yàrá kejì ṣe kọ́ wa, a ń gbọ́ ọ lórí fóònù Màmá mi, Akọ̀wé Àgbà tèmi. Ó ha ọ̀fun lẹ́ẹ̀mẹta kó tó sọ̀rọ̀. Bọ̀dá Aránbàtà tí a jọ ń gbé ilé ní kí wọ́n yáa lọ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àrùn ti mú un.

Ó ní ìjọba ti yá àwọn ilé iṣẹ́ ńlá lówó kí wọ́n má bàa dá òṣìṣẹ́ dúró. Màmá mi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò dún bí ẹ̀rín. Ọ̀gá wọn níbi tí wọ́n ti ń rán aṣọ gba owó yẹn, ó sì dá wọn dúró, àwọn mẹ́rìnlélógójì, ó fún oníkálukú ní ìwé ìdúpẹ́.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo ti jí ohùn Mínísítà náà. Ọ̀fun híha lẹ́ẹ̀mẹta, bó ṣe ń fa "ẹ̀yin èèyàn mi ọ̀wọ́n" bí ẹni ń fa okùn lókè kànga, bó ṣe ń gbé omi mì láàrin ọ̀rọ̀. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín títí. Wọn ò ṣàdédé máa pè mí ní Odídẹrẹ́. Kíláàsì kẹta ni mo ti fi ilé ẹ̀kọ́ girama sílẹ̀ nígbà tí owó tán, ṣùgbọ́n kò sí tíṣà ibẹ̀ tí mi ò gbé ohùn rẹ̀ wálé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlá

Bátìrì rédíò Bàbá Akọ̀wé kú, kò sì sí ṣọ́ọ̀bù tó ṣí tí a ti lè ra òmíràn. Bàbá ló wà ní yàrá kìíní. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe akọ̀wé nílé iṣẹ́ Ìṣúná. Ojú rẹ̀ ti lọ báyìí, àyà rẹ̀ sì ń hó bí ìkòkò tí wọ́n dé. Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ fún gbogbo wa pé Bàbá ò gbọdọ̀ jáde rárá, pé bí àrùn yìí bá fọwọ́ kan àyà yẹn, ó parí.

Ṣùgbọ́n Bàbá ní òun ò lè wà láìgbọ́ ìròyìn. Ó ní òun máa tẹ ọ̀pá lọ sí oríta níbi tí àwọn ṣọ́jà ti ń gbọ́ rédíò. Màmá mi bẹ̀ ẹ́. Nọ́ọ̀sì bínú sí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó ti ń fẹsẹ̀ wá bàtà.

Mo bá mú agolo mílíìkì kan tó ti ṣófo, mo sáré yí ilé po, mo lọ lóṣòó sábẹ́ fèrèsé rẹ̀ níbi tí rédíò máa ń wà. Mo ṣe ariwo bíi ti rédíò tó ń wá ibùdó. Mo ṣe orin ìròyìn. Mo ṣe obìnrin tó ń ka ìròyìn. Lẹ́yìn náà mo ha ọ̀fun lẹ́ẹ̀mẹta sínú agolo.

Bàbá jókòó. "Ó ṣì ní ẹ̀mí díẹ̀ nínú," ó sọ fún Màmá mi. "Mo sọ fún yín pé bátìrì ayé ìgbà yẹn lágbára."

Màmá mi fi ìbòmú tó ń rán lọ́wọ́ bo ojú.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlá

Obìnrin yàrá karùn-ún tí ọkọ̀ funfun ilé ìwòsàn wá gbé lọ́sẹ̀ tó kọjá ò ní padà mọ́. Nọ́ọ̀sì ló mú ìròyìn náà bọ̀. Sálúbàtà rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, wọ́n kọjú síta bíi ti ẹni tó fẹ́ lọ pọn omi. Kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kàn wọ́n. Gbogbo wa ń rọra gba ẹ̀gbẹ́ kọjá.

Nígbà tó di aago méje ìrọ̀lẹ́, mo sọ fún Bàbá nínú agolo pé iye aláìsàn ń dín kù. Irọ́ àkọ́kọ́ tí kì í ṣe eré nìyẹn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Ó ti di iṣẹ́. Lọ́sàn-án, Nọ́ọ̀sì á sọ ìròyìn tó gbọ́ níbi iṣẹ́ fún mi, èmi á yọ egungun inú rẹ̀. Tó bá di aago méje, Bọ̀dá Aránbàtà á dá òòlù dúró, á ní kí gbogbo ilé dákẹ́, ìjọba fẹ́ sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọdé pàápàá mọ̀. Bàbá nìkan ni kò mọ̀.

Ìyọnu ibẹ̀ ni pé Bàbá máa ń bá rédíò jà. Lónìí ó bi í léèrè pé owó tí wọ́n yá àwọn ọlọ́lá wọ̀nyẹn, ta ló ń ṣọ́ ọ. Mínísítà yára bọ́ sí orin ìròyìn. Mínísítà ò mọ̀ ọ́n.

Lẹ́yìn ìròyìn, ó pè mí wọlé. "Odídẹrẹ́, mú bírò. Àwọn èèyàn yìí fẹ́ pa ìlú."

Mo dojú ìwé yìí dé, mo bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ó ń pè é, mo ń kọ ọ́: kí ìjọba má ṣe kó owó fún ọ̀gá lẹ́ẹ̀kan náà. Kó máa san ìdajì owó oṣù òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, lóṣooṣù, níwọ̀n ìgbà tí orúkọ onítọ̀hún bá ṣì wà nínú ìwé ilé iṣẹ́. Ọjọ́ tí orúkọ bá kúrò níbẹ̀, owó náà kúrò.

Màmá mi dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró ní yàrá wa láti gbọ́. Ó ní ká ní ẹni tó mọ bẹ́ẹ̀ wà níbẹ̀ ni, òun ì bá wà lẹ́nu iṣẹ́ lónìí.

Ọjọ́ Ajé, ogúnjọ́

Òjò kò rọ̀, ooru ń pani. Ọṣẹ ti wọ́n ju epo lọ.

Ìmọ̀ràn kejì: kí wọ́n gbé owó ìrànwọ́ lọ bá àwọn èèyàn nílé. Bàbá ní bí ìjọba bá to èèyàn sí ìlà, àrùn ló ń tò wọ́n fún. Ìkẹta: tí àrùn bá ti rọlẹ̀, kí wọ́n gba àwọn tí kò níṣẹ́ síṣẹ́, kí wọ́n gbẹ́ kànga, kí wọ́n tún ọ̀nà kéékèèké ṣe, owó á sì padà sí ọwọ́ ẹni tó máa ná an. Kí wọ́n má sì sáré fa ọwọ́ sẹ́yìn torí pé ọjà ti ṣí.

Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi ní ìwà ọ́fíìsì. Ó ní bí ọ̀gá bá pè ọ́ fún Ọjọ́bọ̀, Ọjọ́rú ni kí o ti débẹ̀. Wàá kọ orúkọ rẹ sínú ìwé ẹnu ọ̀nà, wàá mọ yàrá tí wọ́n ń lò, wàá mọ irú ẹni tí ẹ̀ṣọ́ jẹ́. Tó bá di ọjọ́ náà gan-an, o ò ní ṣe àlejò mọ́. Ó ní fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, òun ò yẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Mo sín ẹ̀ṣọ́ jẹ fún un, ẹ̀ṣọ́ tó ń sùn lórí ìdúró. Ó rẹ́rìn-ín títí àyà rẹ̀ fi hó.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlélógún

Mo bi Bàbá ìdí tó fi ń pariwo mọ́ rédíò tí kò lè gbọ́ ọ.

Ó ní nígbà tí òun ṣì wà ní ọ̀dọ́, owó ohun tí à ń tà sí òkè òkun já wálẹ̀, àwọn àgbà ìjọba sì ní kí wọ́n gé òṣìṣẹ́ kù kí orílẹ̀-èdè lè gbádùn. Òun ni wọ́n fún ní ìwé orúkọ àwọn tó ń lọ pé kó tẹ̀ ẹ́ lórí ẹ̀rọ táípù. Orúkọ ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń jókòó sí tábìlì kejì wà ní ìlà kẹtàdínnígba.

"Mo tẹ̀ ẹ́," ni Bàbá wí. "Mi ò ṣe àṣìṣe kan nínú rẹ̀."

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, wọ́n rí ọ̀rẹ́ náà nínú odò. Bàbá ní bí ìlú ṣe dákẹ́ báyìí, òun ń gbọ́ táípù yẹn, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, tó bá dé ìlà yẹn á dúró díẹ̀, á tún máa lọ. Ó ní kí ẹnì kan nílé iṣẹ́ náà ṣáà gbọ́ ọ̀rọ̀ òun kí òun tó kú, kí wọ́n má tún ṣe é bí àwọn ṣe ṣe é.

Nígbà tí mo jáde, sálúbàtà obìnrin yàrá karùn-ún kọjú sí mi.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Mo purọ́ fún Bàbá pé Nọ́ọ̀sì ti fún awakọ̀ ilé ìwòsàn ní ìmọ̀ràn rẹ̀, pé ó ti dé ilé iṣẹ́ Ìṣúná. Ní aago méje, Mínísítà ha ọ̀fun, ó ní àwọn rí ìwé gbà lọ́wọ́ àgbàlagbà kan tó ti bá àwọn ṣiṣẹ́ rí, àwọn sì ń yẹ ọ̀rọ̀ ìdajì owó oṣù náà wò.

Bàbá dìde, ó di ògiri mú. Kò bá rédíò jà lónìí. Ó jẹun tán, ó ní ṣé ó kù.

Bọ̀dá Aránbàtà ní mo ti di ìjọba, kí n wo ọ̀rọ̀ owó orí òun. Màmá mi ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Má ṣe é jù o."

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Òjò dé lónìí, òjò tó ń lu páànù débi pé kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ẹnì kejì. Mo fi àpò bo orí lábẹ́ fèrèsé, mo ti agolo mọ́ irin rẹ̀. Bàbá nìkan ló ń gbọ́ mi. Bóyá nítorí ìyẹn ni. Ẹnu mi gba iwájú mi lọ. Mínísítà ní ìgbìmọ̀ ti fọwọ́ sí gbogbo ìmọ̀ràn àgbàlagbà náà, àwọn sì ń pè é kó wá jókòó pẹ̀lú àwọn ní Ọjọ́rú, aago mẹ́wàá.

Mo yọjú. Bàbá wà lórí ìdúró, ojú tí kò ríran ń tàn. Ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n sọ̀ ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀.

Kò séwu. Lọ́la ní aago méje, Mínísítà máa sún ìpàdé síwájú. Kó ṣáà fi ọjọ́ kan yọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Màmá mi ló kọ́kọ́ rí i pé yàrá kìíní dákẹ́. Ọ̀pá ò sí níbẹ̀. Kóòtù dúdú tó máa ń wà lórí ìṣó ò sí níbẹ̀. Wọ́n wo ilé ìgbọ̀nsẹ̀, wọ́n wo ẹ̀yìnkùlé, Bọ̀dá Aránbàtà sáré dé oríta. Èmi dúró sójú kan. Mo ti mọ̀. Wọ́n pè é fún Ọjọ́rú. Òní ni Ìṣẹ́gun.

Aago kan kọjá kí ọmọ ṣọ́jà kan tó di orí ọ̀pá rẹ̀ mú, tó fà á wálé. Láti aago mẹ́fà ààbọ̀ ló ti wà lẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ Ìṣúná, ọ̀nà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ̀ láìfojú wò. Ilé tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ti ń san owó ìrànwọ́, ìlà náà ti yí ògiri po lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ń ti ara wọn. Ìbòmú tí Màmá mi rán fún un wà lábẹ́ àgbọ̀n. Ọmọ ṣọ́jà náà ní Bàbá fà á sílẹ̀ kí ẹ̀ṣọ́ lè gbọ́ ohun tó ń sọ.

Gbogbo ilé bi í pé kí ló lọ wá. Ó ní ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni, akọ̀wé kì í sọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ níta. Ìgbà tó ku èmi nìkan ló tó sọ ọ́.

"Mo ti kọ orúkọ. Ìlà kẹrìnlá. Ẹ̀ṣọ́ ní òun ò mọ̀ sí ìpè kankan. Mo ní kò lè mọ̀, ọ̀la ni."

Ní aago méje, mo sún ìpàdé náà síwájú. Bàbá fi kóòtù kọ́ padà. Ó ní, "Mo mọ̀. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Nọ́ọ̀sì ní ká máa wò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kò sí nǹkan.

Ọjọ́bọ̀, ọgbọ̀njọ́

Kò sí nǹkan. Ó jẹun.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún

Kò sí nǹkan. Ọjọ́ òṣìṣẹ́ ni, òṣìṣẹ́ gan-an ni kò sí.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹta

Ara rẹ̀ gbóná.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹfà

Ọkọ̀ funfun dé lónìí. Kí wọ́n tó gbé Bàbá, ó bi mí pé ṣé aago méje ti lù. Aago mẹ́rin ni. Mo ní ó ti lù. Mo yí ilé po, mo gbé agolo, mo ha ọ̀fun. Mínísítà ní ìmọ̀ràn àgbàlagbà náà ti di òfin. Ohùn náà wárìrì lẹ́ẹ̀mejì.

Mo gbọ́ Bàbá tó ń sọ fún Nọ́ọ̀sì pé, "Ó ti rẹ Mínísítà yẹn. Kò sẹ́ni tó ń bá a tọ́jú ara rẹ̀."

Ó wọ bàtà rẹ̀ lọ. Ó ní òun ò ní fi ẹsẹ̀ lásán jáde nílé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹsàn-án

Ní ilé ìwòsàn, Nọ́ọ̀sì fi fóònù rẹ̀ pe ọmọ Bàbá, èyí tó ń ṣe tíṣà nílùú mìíràn. Ọ̀nà wà ní títì, kò lè wá. Wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀. Nọ́ọ̀sì ò gbọ́ ohun tí Bàbá sọ, ṣùgbọ́n ó ní inú rẹ̀ dùn.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlá

Bàbá Akọ̀wé kú ní ìdájí. Ọ̀pá rẹ̀ nìkan ni wọ́n dá padà.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Nígbà tó di aago méje, Bọ̀dá Aránbàtà dá òòlù dúró. Kò mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe é, ọwọ́ rẹ̀ ló ti mọ́ ọn lára. Àwọn ọmọdé dákẹ́. Màmá mi gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Gbogbo ilé ń retí, kò sẹ́ni tó lè wo ojú ẹnì kejì.

Mo gbọ́ ọ. Lábẹ́ fèrèsé yàrá kìíní, ẹnì kan ha ọ̀fun lẹ́ẹ̀mẹta. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà wa. Agolo wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa. Mo bi Màmá mi bóyá ó gbọ́. Ó ní gbọ́ kí ni.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlélógún

Òjò. Wọ́n ní ọjà á ṣí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ìdajì ìdajì. Màmá mi ti gba iṣẹ́ ìbòmú ẹgbẹ̀rún kan, ó bá mi wí pé n kò yọ̀.

Mínísítà gidi sọ̀rọ̀. Ó ha ọ̀fun. Ó ní nítorí bí àrùn ṣe tàn lẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ àwọn lóṣù tó kọjá, kò ní sí ìlà mọ́. Wọn á máa gbé owó lọ bá àwọn àgbàlagbà nílé. Ọ̀rọ̀ Bàbá ni, àfi bí ẹni pé ó ka ẹ̀yìn ìwé yìí. Kò sọ nǹkan kan nípa ìdajì owó oṣù. Ó ní oṣù mẹ́ta ni ìrànwọ́ máa fi wà, ó tán.

Bọ̀dá Aránbàtà ní kí n sín in jẹ, pé ó ti pẹ́. Mo la ẹnu. Ohùn náà wà níbẹ̀, mo ń gbọ́ ọ nínú ọ̀fun mi tó ń dúró kí n tú u sílẹ̀. Mo pa ẹnu dé.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ keje oṣù kẹfà

Ọ̀nà ti ṣí. Ọmọ Bàbá dé láàárọ̀. Obìnrin gíga ni, àgbọ̀n Bàbá ló ní. Ó kó ẹrù yàrá kìíní sínú páálí méjì. Nígbà tó gbé rédíò, ó tàn án, kò sọ̀rọ̀. Ó bi Màmá mi pé ìgbà wo ni bátìrì rẹ̀ ti kú. Màmá mi wo ilẹ̀, ó ní ó ti pẹ́.

Lẹ́yìn náà ló pè mí. Ó ní wọ́n sọ pé èmi ni mò ń bá Bàbá kọ̀wé. Ó ní Bàbá sọ fún òun lórí fóònù pé Mínísítà fúnra rẹ̀ ló pe òun sí ìpàdé, pé àwọn ilé iṣẹ́ Ìṣúná ti gbọ́ ọ̀rọ̀ òun níkẹyìn. Ó ní irú èèyàn wo ló máa pe arúgbó oníkọ́ jáde láàrin àrùn. Òun fẹ́ kọ̀wé sí i, ọwọ́ tó bá Bàbá kọ̀wé ni òun sì fẹ́ kó kọ ọ́. Kí n jókòó, kí n kọ ọ́.

Mo mú bírò. Ó pè é, mo kọ ọ́: "Sí Mínísítà. Ẹ pe bàbá mi. Kí nìdí tí ẹ fi pè é?"

Mo fi bírò sílẹ̀.

"Kí lo ń dúró dè?"

"Àǹtí, èmi ni mo pè wọ́n."

Ó rò pé ọ̀rọ̀ náà ò yé mi. Ó tún un ṣàlàyé, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí tíṣà. Mo bá ha ọ̀fun lẹ́ẹ̀mẹta. Mo sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ lọ́jọ́ òjò yẹn, láìyọ ọ̀kan, láìfi ọ̀kan kún un, títí dé Ọjọ́rú, aago mẹ́wàá. Màmá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ méjèèjì sórí. Òun náà ò mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Mo ń retí ìgbájú. Kò wá. Ọmọ Bàbá jókòó sórí páálí.

"Tún un sọ."

Mo tún un sọ.

"Nígbà tó gbọ́ ọ, ṣé ó rẹ́rìn-ín?"

Mo ní ó rẹ́rìn-ín.

Ó ní kí n kó ìmọ̀ràn Bàbá wá lọ́la kí òun tó lọ, òun fẹ́ máa kà á. Ẹ̀yìn ìwé yìí ló wà, mi ò lè ya á kúrò lára iwájú rẹ̀, mi ò sì fẹ́ ya á. Tí ẹ bá ka ẹ̀yìn tán, Àǹtí, ẹ ó kan iwájú.

Nítorí náà, ẹ má gba ojú ìwé àkọ́kọ́ gbọ́. Kò sí mọ́tò mẹ́fà. Mínísítà ò kọ nǹkan kan síbí, kò mọ bàbá yín rí. Ọmọ aránṣọ yàrá kẹrin ló kọ ọ́, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, tí wọ́n ń pè ní Odídẹrẹ́. Èmi ni. Ọjọ́rú ni mo pè wọ́n fún. Wọ́n ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé ọjọ́ tó ṣáájú ìpè ni àwọn máa ń lọ.